Àpò Eré Ọjọ́ Jímọ̀

Lọ́dún tí ọmọ mi obìnrin pé ọmọ ọdún mẹ́fà, tíṣà rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí, ó ní kí n máa bá ọmọ náà ṣeré nílé. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ti bẹ ẹlòmíì kó bá mi wa bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ yẹn, mo ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo ti jókòó sórí àga tí wọ́n kàn fún ìdí ọmọdé, tí orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi, gbogbo ohun tí obìnrin yìí sì ní í sọ ni pé kí n lọ ṣeré. Ní Ìjẹ̀bú-Òde tí mo ti kàwé, bí tíṣà bá ránṣẹ́ pe bàbá ẹni, ara ẹni á ti máa gbọ̀n kí bàbá tó dé ẹnu géètì. Tíṣà kankan ò pe bàbá mi rí láti wá gbọ́ nípa eré.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Ó ní ọmọ mi ń lọ́ra nínú ìṣirò. Bí wọ́n bá bi í ní nǹkan, á kàn máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni. Ó ní bí kò bá sí ìyàtọ̀ títí sáà tó ń bọ̀ á fi parí, àwọn á máa mú un jáde nínú kíláàsì láràárọ̀, òun àti àwọn ọmọ mélòó kan, lọ sí yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, kí wọ́n lè máa rọra kọ́ wọn. Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́, bí ẹni tó ń fún mi lẹ́bùn. Mo mọ yàrá yẹn. Kò sí òbí Yorùbá kan ní Thamesmead, nílùú òyìnbó níbí, tí kò mọ yàrá yẹn. Bí ọmọ ẹni bá wọ ibẹ̀ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán wọ́n á ti gbọ́ ní Woolwich, wọ́n á sì ti máa bá ẹni gbàdúrà tí ẹni kò bẹ̀ wọ́n.

Ẹ sì wo ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ yìí fún. Èmi ni wọ́n máa ń pè síwájú kíláàsì láyé ìgbà tèmi láti wá yanjú ìṣirò tó ti dá àwọn ọmọ ńlá dúró. Ẹ má bi mí ní ohun tí ìṣirò ọ̀hún ṣe fún mi. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà láàárín Thamesmead àti Woolwich, bọ́ọ̀sì ò sì béèrè bóyá dírẹ́bà rẹ̀ mọ ìlọ́po méjìlá. Síbẹ̀, mo gbà pé ọmọ mi ti jogún ọpọlọ mi, mo sì gbà pé bí kò bá rí i lò, àìbìkítà ni, kì í ṣe àìmọ̀.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni ọmọ mi ń gbé àpò aṣọ kan bọ̀ láti iléèwé. Dáìsì méjì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn béárì oníke, pupa àti búlúù, tí wọn ò ju àtàǹpàkò lọ, àti pátákó eré ejò àti àkàsọ̀, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí láti oókan dé ọgọ́rùn-ún. Ìwé kékeré kan tún wà níbẹ̀ tí òbí á máa kọ eré tí wọ́n ṣe sí, àti bí ọmọ ṣe gbádùn rẹ̀ tó. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, bírò pupa ni mo fi kọ tèmi: ó gba méje nínú mẹ́wàá, kì í fara balẹ̀, yóò ṣe dáadáa jù báyìí lọ. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ìwé náà padà dé. Tíṣà ya ojú tó ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi, ó kọ ọ́ pé eré lásán ni o, kí á máa gbádùn ara wa. Mo pe ìyàwó mi pé kó wá wo ohun tí wọ́n ń fi owó orí wa ṣe.

Mo bá tún eré wọn ṣe fún wọn. Nínú ejò àti àkàsọ̀ tiwọn, ọmọ á ju dáìsì, á wá máa rọra ti béárì rẹ̀ lọ lórí pátákó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn kì í ṣe ìṣirò, ìrìn ni. Nílé tèmi, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan béárì títí á fi sọ ibi tó ń lọ. O wà lórí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, o ju márùn-ún, níbo lò ń lọ? Kò gbọ́dọ̀ fi ìka kà, kò gbọ́dọ̀ wo òkè àjà, kò sì gbọ́dọ̀ wo ìyá rẹ̀. Bó bá ṣì í, màá sọ pé, "O ṣì í kà. Padà sẹ́yìn," màá sì gbé béárì rẹ̀ padà sórí oókan. Kò sí òfin yìí lára páálí eré náà. Òfin tèmi ni. Nínú gbogbo Yorùbá tí mo ti ń kọ́ ọmọ yẹn láti ìgbà tó ti ń rá, gbólóhùn yẹn ló kọ́kọ́ mọ̀ sórí dáadáa, ó sì ń sọ ọ́ bí ọmọ Ìjẹ̀bú gan-an.

Mi ò sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó borí rí. Mo ti rí ibi tí ìyẹn ń gbé ọmọ lọ. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ jókòó síwájú nínú bọ́ọ̀sì mi, wọ́n ń ka mọ́tò pupa. Ọmọ náà ní mẹ́jọ. Mẹ́ta péré ló kọjá; èmi ni mò ń wa ọkọ̀, mo rí wọn. Ìyá pàtẹ́wọ́, ó ní ó káre. Mo wò wọ́n nínú dígí, mo ní lọ́kàn ara mi pé mínísítà ètò ìṣúná ni obìnrin yìí ń tọ́ lọ́wọ́.

Ìyàwó mi, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó kí oyún tó dá a dúró sílé, kò jìnnà sí obìnrin yẹn. Ó gba eré ìṣirò kan sórí fóònù rẹ̀ fún ọmọ. Nọ́ńbà yòówù kéèyàn tẹ̀, fóònù á kígbe pé ó káre, ó gbìyànjú, ìràwọ̀ á sì máa já bọ́ lójú rẹ̀. Mo tẹ èyí tí kò tọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ó yìn mí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Mo ní ó yẹ kí irú tíṣà báyìí lọ gbé àpótí ìbò.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, inú ẹ̀rọ ìfọṣọ ni mo ti rí àpò eré náà. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọ mi láràárọ̀ Sátidé, á sì jinná gẹ́lẹ́ tí mo bá jáde lọ síbi iṣẹ́. Mo ní ọ̀lẹ ni. Mo ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ìyàwó mi wo yàrá méjì tí a háyà ní Thamesmead East yíká, ó wá wò mí.

"Daddy, ilé wo lẹ kọ́?" ló wí. "Eré lẹ sọ di ẹgba, ẹ ń fi na ọmọ yìí."

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ níbí, kí n sì tètè kúrò lórí rẹ̀, bí a ti í ṣe nílé wa. Ṣáájú oyún tí mo ń wí yìí, nígbà tí ọmọ mi wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, ìyàwó mi bí ọmọkùnrin kan. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò. Kò dé ọjọ́ ìkómọ, nítorí náà a ò sọ ọ́ lórúkọ. Èmi, ààfáà kan àti ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Woolwich Dockyard la lọ sin ín. Àwọn èèyàn wá kí wa, wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. A ní àmín. Mo di àwọn aṣọ rẹ̀ sínú báàgì kan, mo gbé e sókè kọ́bọ́ọ̀dù, a ò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Ilé ọ̀rẹ́ mi yẹn ni ọmọ wa wà lọ́sẹ̀ náà. Nígbà tó padà dé, kò béèrè nǹkan kan. A ní ọmọdé ni, kò mọ̀.

Ọmọ tuntun dé, obìnrin, tòun tìyá rẹ̀ ní àlàáfíà. Ìyá ìyàwó mi, Alhaja, wá láti Ìjẹ̀bú-Òde láti wá wẹ ọmọ. Ọjọ́ kejì tó dé, ó bá mi nílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo mú béárì búlúù lọ́wọ́, mo sì ń bínú. Ó dúró díẹ̀, ó bi mí bóyá kò sí wàhálà kankan. Mo ṣàlàyé fún un pé ìṣirò ni. Ó ní ẹ kú iṣẹ́, ó kọjá lọ síbi omi gbígbóná rẹ̀.

Alhaja ò kàwé. Aránṣọ ni, ó ti fi nǹkan bí ogójì ọdún gé aṣọ, kò sì ba aṣọ oníbàárà jẹ́ rí, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti wí, èmi ò sì rójú bá a jiyàn. Ó ní òun ò mọ eré iléèwé kankan. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ọmọ mi ti ń tẹ̀ lé e káàkiri inú ilé. Ó ní kó fi àtẹ́lẹwọ́ wọn àga gbọ̀ọ̀rọ̀ wa, òun náà fi tirẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó wá bi í pé kí ló dé tí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé fi pọ̀ níye ju ti àgbà lọ lórí àga kan náà. Ọmọ ronú sí i títí di ìrọ̀lẹ́. Alhaja da bọ́tìnnì sórí ẹní, ó ní kó kọ́kọ́ fojú dá iye wọn kí àwọn tó kà wọ́n. Bó bá kírun tán, tó ń fa tẹ̀sùbáà, ọmọ á jókòó tì í, á máa sọ iye tó kù kó pé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Bí ọmọ bá ṣì í, Alhaja á ní ẹ jẹ́ ká tún un wò, àwọn méjèèjì á sì jọ tún un kà. Ẹnikẹ́ni ò padà sẹ́yìn. Mo wò ó, mo ní àkẹ́jù ìyá àgbà ni, kì í ṣe ẹ̀kọ́.

Ọmọ mi náà ló wá ń to àwo bí oúnjẹ bá jinná nírọ̀lẹ́. Alhaja á ní kó ro iye tí a ó lò, kó lọ gbé e wá. Márùn-ún ni wá nínú ilé, ká tiẹ̀ mú ọmọ ọwọ́ tí kì í jẹ nǹkan kan mọ́ ọn. Mẹ́fà ni ọmọ mi ń gbé wá. Lójoojúmọ́, mẹ́fà. Màá jókòó sórí àga, màá ní, "O ṣì í kà, padà sẹ́yìn," kó lọ dá ọ̀kan padà. Kì í jiyàn. Á gbé e lọ, lọ́jọ́ kejì á tún gbé mẹ́fà wá. Alhaja ní kí n fi í sílẹ̀, pé àwo kì í pọ̀ jù nílé. Èmi ò fi í sílẹ̀. Mo fi bírò pupa kọ ọ́ sínú ìwé tíṣà pé ìgbà gbogbo ni ọmọ yìí máa ń fi ọ̀kan lé e.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè kan, ọ̀rẹ́ mi ti Woolwich Dockyard kó ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ wá kí ọmọ tuntun. Iye àwọn ọmọ náà, mi ò ní sọ ọ́. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi yìí náà, dírẹ́bà ni bíi tèmi, àkọ́bí rẹ̀ sì jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ mi. A ò tíì jókòó tán tí bàbá rẹ̀ fi ní kó dìde. Ọmọ náà dúró láàárín ilé, ó ka ìlọ́po láti ìlọ́po méjì títí dé ìlọ́po méjìlá, kò sinmi, kò mí. Bàbá rẹ̀ ń wo òkè àjà ní gbogbo àkókò yẹn bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Nígbà tó parí, ó ní òun ò mọ ibi tí ọmọ yìí ti ń rí i kọ́. Irọ́ ni. Gbogbo Sátidé ló ń mú un lọ sí lẹ́sìn ìṣirò.

Ojú mi ti pọ́n. Mo pe ọmọ tèmi, mo ní kó wá ka gbogbo èèyàn tó wà nínú yàrá yìí, kó wá sọ iye tí a ó ṣẹ́kù bí ọkùnrin bá jáde. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ àlejò ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó na ìka sí àkọ́bí, ó ní one, ó na án sí èkejì, ó ní two. Kó tó na án sí ẹ̀kẹta, Alhaja ti gbá ìka náà mú.

"Ìyá mi, rárá o," ló wí fún un. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

Ẹ̀rín pa mí. Mo wo ọ̀rẹ́ mi kó lè bá mi rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ ti fa àbíkẹ́yìn rẹ̀ wọ abẹ́ híjáàbù. Àwọn èèyàn tí wọ́n ti ń gbé ìlú òyìnbó láti ọdún gbọọrọ, tí wọ́n ń san owó iná lórí fóònù, wọ́n ń fi ọmọ pamọ́ fún ìka ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo ní ìjọba ìlú yìí fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sílé oníkálukú, wọ́n ka gbogbo wa, àtọmọ àtàgbà, kò sẹ́ni tó ti ibẹ̀ kú. Ọmọ ni Alhaja ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní kó máa ka àwo, kó máa ka bọ́tìnnì, kó ka bàtà tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n ọmọ èèyàn, Ọlọ́run nìkan ló lè kà á tán, nítorí ẹni tó bí wọn nìkan ló mọ ohun tí ojú òun rí.

Ọmọ mi gbọ́ ọ. Ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí gbogbo wa bọ́ bàtà sí, ó dúró pẹ́ níbẹ̀. Ó padà wá bá mi ní kíṣìn, ó sọ iye àwọn ọmọ náà sí mi létí. Ó pé géérégé. Ó ti ka bàtà kéékèèké, ó sì pín in sí méjì, ohun tí wọn ò tíì kọ́ ọ níléèwé. Ẹ gbọ́ ohun tí bàbá rẹ̀, onímọ̀ ìṣirò, sọ fún un. Mo ní bàtà lo kà, o ò ka èèyàn.

Sáà ku díẹ̀ kó parí, wọ́n ṣe ìdánwò, tíṣà sì pè mí lórí fóònù. Ó dùn ún gan-an, ó ní, ṣùgbọ́n ọmọ mi kò ka nǹkan kan. Oókan lásán, kò kà á. Nínú gbogbo ìbéèrè orí ìwé náà, kò la ẹnu sí ẹyọ kan; ńṣe ló kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè, yàrá kékeré ni. Tí mo bá fẹ́, kí n mú un wá ní ọjọ́ Tọ́sìdeè lẹ́yìn tí iléèwé bá ti tú, kí èmi náà fojú ara mi rí i.

Mo lọ mú un nílé, a gba Harrow Manorway, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ káàkiri nítorí ibùdókọ̀ rélùwéè tuntun tí wọ́n ń kọ́ ní Abbey Wood. Inú ń bí mi débi pé gbogbo nǹkan tó wà lójú ọ̀nà ni mo fi ń bi í. Kóònù tí wọ́n fi dí ojú títì mélòó ló wà láti ibí dé ibi iná? Ó kà á. Bí wọ́n bá kó mẹ́fà kúrò ńkọ́? Ó dáhùn. Bọ́ọ̀sì méjì kọjá, mo ní kó yọ èyí tó kéré nínú nọ́ńbà ara wọn kúrò nínú èyí tó tóbi. Ó pẹ́ díẹ̀, ó sì gbà á. Kò ṣì ẹyọ kan. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí nígbà yẹn, nítorí mo ti rí i pé ọmọ náà mọ̀ ọ́n, nǹkan kan ló dè é lẹ́nu níléèwé, ó sì lè jẹ́ pé èmi ni nǹkan náà.

Tíṣà ṣí ìwé ìdánwò síwájú rẹ̀ lórí tábìlì kékeré. Ọmọ ló kún inú ìwé ọ̀hún: ọmọ nínú bọ́ọ̀sì, ọmọ nínú omi, ọmọ tó tò sórí ìlà. Ojú ewé tó ṣí jẹ́ àwòrán àríyá ọjọ́ ìbí, tí àwọn ọmọ jókòó yí tábìlì ká, tí àwọn kan dé fìlà oníbébà. Ó rọra bi í pé àwọn ọmọ mélòó ló wà níbẹ̀. Ọmọ mi kó ọwọ́ sẹ́yìn. Tíṣà wò mí bí ẹni pé, ṣé ẹ rí i báyìí. Ara mi gbóná. Mo tẹ̀ síwájú, mo fi Yorùbá sọ fún un láàárín eyín pé kó kà á.

Ó gbójú sókè wò mí. Omi ti wà lójú rẹ̀.

"Daddy," ló wí, "ọmọ ni wọ́n."

Ó gbà mí ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó yé mi. Nígbà tó yé mi, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín, nítorí ìtura. Mo wá ṣàlàyé fún tíṣà lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo sì fi Alhaja ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa nínú rẹ̀. Mo ní ìgbàgbọ́ àwọn ìyá àgbà ilé wa ni, pé àwọn tó kàwé bíi tèmi kò ka irú ẹ̀ sí, pé tí wọ́n bá ka ọmọ, wọ́n rò pé nǹkan á ṣe é. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Ó ronú, ó yíjú sí ọmọ mi, ó bi í pé bí ó bá jẹ́ ọmọ náà ló fẹ́ to àwo síwájú àwọn wọ̀nyí, mélòó ló máa gbé wá?

Ọwọ́ méjèèjì jáde lẹ́yìn rẹ̀.

"Fourteen," ló wí. "But fìlà wọn jẹ́ nine, so five people máa sunkún."

Bí ọ̀rọ̀ yàrá kékeré ṣe bá tirẹ̀ lọ nìyẹn. Tíṣà fa ìlà gígùn lórí ìwé kan, ó kọ nǹkan mìíràn sí i, ó ní ọmọ yìí ò ní ìṣòro kankan, pé òun ni kò béèrè dáadáa. Mo fẹ̀ lórí àga kékeré mi. Mo ti ń ro bí n ó ṣe ròyìn rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi ti Dockyard, bóyá kí n tiẹ̀ gbé àwòrán náà lọ hàn án.

Tíṣà wá rántí nǹkan kan. Ó fa fọ́ọ̀mù kan yọ, ó ní òun ti gbọ́ pé a bímọ, pé ìwé tó wà lọ́dọ̀ àwọn nípa ìdílé wa ti di ti àtijọ́. Ó mú bírò, ó fi ẹ̀rín bi mí pé ọmọ mélòó ni mo ní báyìí.

Mo la ẹnu. Ẹnu mi kàn ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Ìbéèrè ìṣirò tó rọrùn jù lọ tí wọ́n bi mí láyé mi nìyẹn. Mo ní kí n má sọ ìsọkúsọ níwájú obìnrin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá fi ìyá àgbà ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní fọ́ọ̀mù lásán ni, àwọn tó wà nílé ni wọ́n ń béèrè. Mo ní ẹni tí kò lórúkọ, kí ni wọ́n fẹ́ kọ fún un?

Mo ní méjì.

Tíṣà kọ ọ́. Ọmọ mi yíjú, ó wò mí. Mo mọ ojú yẹn dáadáa, nítorí èmi ni mo ni ín. Òun ni mo fi ń wò ó tí béárì rẹ̀ bá bọ́ síbi tí kò yẹ.

A jáde. Ó di ọwọ́ mi mú títí a fi dé Harrow Manorway. Nígbà tí a dúró de iná láti sọdá, mo bi í pé kí ló dé tó ń wò mí bẹ́ẹ̀.

"Grandma ní a kì í ka ọmọ," ló wí. "But o kà wá. O sì kà á wrong."

Mo bi í pé ta ló sọ fún un. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun. Ó ní ikùn Mummy tóbi, lẹ́yìn náà kò tóbi mọ́, òun sì rí aṣọ kéékèèké nínú báàgì lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Ó sọ ọ́ bí ó ṣe máa ń sọ pé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n àti márùn-ún jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n. Mo rántí àwo kẹfà. Mo rántí gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo ní kó gbé e padà, àti bírò pupa tí mo fi kọ ọ́ ránṣẹ́ síléèwé. Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ló ń ro ìṣirò ilé wa bó ṣe tọ́ láti ọjọ́ yìí, tí èmi sì ń gé màákì rẹ̀.

Iná yí padà, ó yẹ ká sọdá. Ọmọ mi ò gbé ẹsẹ̀.

"O ṣì í kà," ló wí, bí ọmọ Ìjẹ̀bú. "Padà sẹ́yìn."

A padà. A tún kọjá lára àwọn kóònù, a tún wọ ẹnu géètì. Tíṣà ti wọ kóòtù, ó ti ń ti kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó bá mi mú fọ́ọ̀mù yẹn jáde. Ó rò pé mo gbàgbé nǹkan kan sílẹ̀ ni. Ó mú un wá, ó ṣí bírò, ó ń wo ẹnu mi. Ọmọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Mo sọ fún un pé mo ṣì í kà. Mo ní mẹ́ta ni.